Kábúrétọ̀ Tuntun fún Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Makun-Omi àti ní gbogbo etí ọ̀sà, bí kábúrétọ̀ bá bàjẹ́ kọjá fífọ̀, ẹ má ṣe fi ojú lásán ra òmíràn. Méjì lè jọra bí ìbejì, kí ihò jẹ́ẹ̀tì inú wọn má dọ́gba. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí ẹ sì mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún, bí jẹ́ẹ̀tì bá kéré jù, àti epo àti ọ́ìlì ni kò ní tó. Písítìn á gbóná, á sì há, bóyá láàárín ọ̀sà tí èrò kún ọkọ̀. Kí ni èrè ọjà pọ́ọ́kú nígbà náà?

Bí ẹ bá dè é tán, ẹ rọra yí sikurúù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé títí yóò fi kanlẹ̀. Ẹ má fún un pa, ẹnu rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ wá yí i padà ní iye ìgbà tí ìwé ẹ́ńjìnnì wí. Inú omi ni kí ẹ ti tan án, kó má baà jóná. Nígbà tó bá gbóná, ẹ fi í sí jíà, kí ẹ máa tún sikurúù náà yí díẹ̀díẹ̀. Bó bá fẹ́ kú nígbà tí ẹ fẹ́ kó sáré, epo kò tó. Bí èéfín bá pọ̀ tí púlọ́ọ̀gì sì dúdú, epo ti pọ̀ jù. Àwa fara mọ́ kó pọ̀ díẹ̀ ju kó dín lọ.

Ẹ má kó èrò ní ìrìn àkọ́kọ́, ẹ sì mú àjẹ̀ dání.