Ìwádìí Yunifásítì àti Ìsinmi Oṣù Kẹjọ

Ìbéèrè: Mò ń ṣe ìwádìí oyè másítà ní Yunifásítì Ìlọrin, lórí àrùn ewé ẹ̀gẹ́. Àwọn òbí mi ní Igbaruku ní kí n wálé lóṣù kẹjọ. Ṣé iṣẹ́ mi ò ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, lọ sílé. Tètè sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ. Dárúkọ ọjọ́ tí wàá lọ àti ọjọ́ tí wàá dé.

Ohun tó le ni ẹ̀gẹ́ inú ìkòkò tí ò ń fi ṣe ìwádìí, torí òun kò mọ ìsinmi. Bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ kan kó máa bomi rin ín, kó máa yí ewé rẹ̀ wò láàárọ̀ kùtù, nígbà tí eṣinṣin funfun tó ń gbé àrùn náà kiri kò tíì máa fò, kó sì kọ iye eṣinṣin tó bá rí sílẹ̀. Ìwọ náà bá a ṣe tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án.

Jọ̀ọ́, fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Ìlọrin. Bó o bá ti gba Òmù-Àrán kọjá Ẹ̀gbẹ̀ dé ilé, iṣu tuntun ti wà lórí iná, àwọn òbí rẹ sì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Bá bàbá rẹ lọ sóko. Èrò tó bá sọ sí ọ lọ́kàn níbẹ̀, ìwé kékeré kan àti bírò ti tó fún un.