Oúnjẹ àti Omi Láàárín Ogun

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀. Kí olúkúlùkù kà á nílé kí ó tó wá.
Ibi kíkà: 2 Àwọn Ọba 6:8-23, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 11:27-30, 2 Kọ́ríńtì 8:16-21.

1. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni àwọn ajagun Hamas kọlu Ísírẹ́lì, Ísírẹ́lì sì gbé ogun wọ Gásà. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí a bá pè fún àdúrà tàbí ọrẹ nítorí àwọn tí ebi ń pa ní ilẹ̀ Palẹ́sìnì, ìbéèrè méjì ni ó máa ń jáde. Èkíní ni pé, "Ẹ̀yìn ta ni a wà?" Èkejì ni pé, "Bìní ni a wà, ọ̀nà jìn. Kí ni tiwa níbẹ̀?" A kò pé jọ láti ṣe ìdájọ́ ogun náà. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ wò: njẹ́ ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yìn ẹni tí ènìyàn wà kí a tó fún un ní oúnjẹ àti omi?

2. Wòlíì Èlíṣà dáhùn èyí tipẹ́. Àwọn ọmọ ogun Síríà wá mú un, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni ó bá ara wọn láàárín Samáríà. Ọba Ísírẹ́lì béèrè bóyá kí òun pa wọ́n. Wòlíì kọ̀, ó ní kí a gbé oúnjẹ àti omi síwájú wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, a sì rán wọn lọ sílé. Ẹ kíyè sí i pé ológun ni wọ́n, ìjà ni wọ́n sì bá wá. Bí ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́ bá rí oúnjẹ gbà, mélòómélòó ni ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ohun tí a ń jà lé lórí? Ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí ìlú Nablus, níbi tí àwọn ará Palẹ́sìnì ń gbé títí di òní.

3. Ní ti ọ̀nà tí ó jìn, ẹ wo ìjọ Ántíókù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀, wọ́n dá owó jọ fún àwọn ará tí ń gbé Jùdíà, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí wàhálà ti tú ká kúrò nílé, àjòjì sì ni wọ́n nílùú tí wọ́n wà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àjòjì ní Bìní. Wọn kò dúró di ìgbà tí wọn yóò là.

4. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìgbà láéláé tàbí ti ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìlú Bìní yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú yí padà, a pa àwọn ará Ìgbò tí kò gbé ìbọn, nítorí èdè tí wọ́n ń sọ. Aládùúgbò àná di ọ̀tá òní.

5. Ogun náà ré kọjá Odò Ọya, nígbà tí ó sì di ọdún 1968, ebi ń pa ènìyàn ju ìbọn lọ. Àrùn kwashiorkor mú àwọn ọmọdé. Ọmọ lè rí gbàgúdá jẹ kí àrùn yìí sì mú un, bí kò bá rí ẹja, ẹran, wàrà tàbí ẹ̀wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, kò sì ní lè ṣeré mọ́.

6. Kí ni ó dí oúnjẹ lọ́nà? Ìjọba àpapọ̀ ní kí ó gba orí ilẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ òfurufú máa fò lọ́sàn-án lẹ́yìn àyẹ̀wò, nítorí pé pápá Uli tí oúnjẹ ń bà sí lóru ni ìbọn náà ń bà sí. Àwọn olórí Biafra kò gbà: wọ́n ní ọmọ ogun lè gba ọ̀nà tí a bá là fún oúnjẹ wọlé, a sì lè fi májèlé sí oúnjẹ náà. Ìhà méjèèjì ní àlàyé. Àwọn àgbà ń ṣe àlàyé, àwọn ọmọdé ń kú.

7. Nígbà náà ni àwọn ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, tí wọn kì í sábà jókòó pọ̀, parapọ̀ dá Joint Church Aid sílẹ̀. Láti erékùṣù São Tomé, ọkọ̀ òfurufú wọn fò wọ Uli lóru ní ohun tí ó lé ní ìgbà 5,000. Wọ́n kó wàrà, iyọ̀, oògùn àti ẹja pańla gbígbẹ láti Norway. Ẹgbẹ́ Red Cross náà ń gbé tirẹ̀ lọ, títí kan láti Kútọnu, títí a fi yìnbọn já ọkọ̀ wọn kan lulẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969. Àwọn awakọ̀ òfurufú kú lórí iṣẹ́ yìí.

8. Àwọn kan wí nígbà náà, wọ́n sì ń wí i títí di òní, pé oúnjẹ yìí ni ó mú ogun pẹ́, nítorí pé ológun ni ó ń jẹ ẹ́. Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀sín. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó mú ìbọn lè já àwo gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mú un. Ṣùgbọ́n bí eku bá ń jẹ àgbàdo nínú àká, ihò eku ni a ń dí. A kì í tìtorí eku fi ebi pa ọmọ. Ní ọdún 1977 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi òfin kún Àdéhùn Jẹ̀nífà pé a kò gbọdọ̀ fi ebi ṣe ohun ìjà sí ará ìlú tí kò jagun. A gbọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti sìnkú.

9. Òfin yìí kan náà ni a fi wo Gásà. Láti ọdún 1950 ni àjọ UNRWA ti ń bọ́ ogúnléńdé Palẹ́sìnì. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, àdó olóró Ísírẹ́lì pa òṣìṣẹ́ méje tí ń gbé oúnjẹ fún World Central Kitchen. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn onímọ̀ IPC tí ń wọn ìyàn kéde pé ìyàn ti dé ìlú Gásà. Ní ti omi, bí epo kò bá wọlé, ẹ̀rọ tí ń fa omi yóò dúró. Nítorí náà ẹni tí ó dí epo, omi ni ó dí. Ìlànà Sphere sọ pé ó kéré tán, kí ènìyàn kan rí lítà 15 lójúmọ́ fún mímu, síse àti wíwẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ti ilé wa kò tó ènìyàn méjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni a fohùn ṣọ̀kan láti dá ogun dúró, ṣùgbọ́n kànga tí ó bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ tí ìbọn bá dákẹ́.

10. Nítòsí wa ńkọ́? Ní Uhogua, lẹ́yìn ìlú Bìní, International Christian Centre for Missions ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí Boko Haram lé kúrò ní Borno àti àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ yòókù. Ọmọdé ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó ń wí pé Gásà jìnnà, ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ ni Uhogua sí Ọjà Ọba. Njẹ́ ó ti dé ibẹ̀ rí?

11. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a di ohun mẹ́ta mú. Èkíní, kí a béèrè kí a tó rà: ibi tí ìrẹsì pọ̀ sí lè ṣe aláìní ọṣẹ tàbí ẹ̀wà. Èkejì, kí ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo má ṣe gbé owó náà. Pọ́ọ̀lù pàápàá kò dá owó àwọn tálákà gbé. Ó mú ẹlòmíràn mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí i. Ẹ̀yin oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ìwé ìṣirò. Ẹ fi ìmọ̀ náà sìn. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe mú ẹni tí a fún ní àpò gàárì kan ya àwòrán. Ebi ni ó ń pa á, kò ta ojú rẹ̀ fún wa.

12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó gba ìlú yìí láti kọ́ bí a ti ń wo ènìyàn kí a sì rí ọ̀tá. Kí àwa kọ́ bí a ti ń wo ọ̀tá kí a sì rí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ìbéèrè
(a) Kí ni ó yàtọ̀ láàárín ohun tí ọba Ísírẹ́lì fẹ́ ṣe àti ohun tí Èlíṣà ní kí a ṣe?
(b) Ìdí wo ni ìhà kọ̀ọ̀kan fi dí oúnjẹ lọ́nà ní ọdún 1968? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọdé?
(d) Bí ẹnìkan bá wí pé ológun ni yóò jẹ oúnjẹ tí a fi ránṣẹ́, báwo ni ìwọ yóò ti dá a lóhùn?
(e) Kí ni ìdílé rẹ lè yọ sọ́tọ̀ lóṣù yìí, ta sì ni ẹni méjì tí yóò gbé e lọ?