Agogo Ọkùnrin, Agogo Obìnrin: Ọrùn Ọwọ́ Ni Kí A Wọ̀n

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kò béèrè bóyá akọ eku ni tàbí abo kí ó tó sọ bí ìtẹ́ yóò ti tóbi tó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ agogo ọwọ́ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹni tó bá dúró nídìí àtẹ agogo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ní ọjà Kabba bí ó ti rí ní ọjà yòókù, ni pé ṣé ti ọkùnrin ni àbí ti obìnrin. Ìdáhùn rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí olùtajà yóò nawọ́ sí. Àwọn ńláńlá, aláwọ̀ dúdú àti oníṣéènì wúwo, wà lápá kan. Àwọn kéékèèké aláwọ̀ góòlù, tí òkúta dídán yí ojú wọn ká, wà lápá kejì. Ọkùnrin tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín àti obìnrin tí tirẹ̀ ki kò rí àtẹ tiwọn.

Ìtàn agogo ọwọ́ kò ti ìpín yìí lẹ́yìn, nítorí obìnrin ló kọ́kọ́ ń so ó. Ní 1810, Caroline Murat, ayaba ìlú Naples, bẹ Breguet, oníṣẹ́ agogo ní Paris, níṣẹ́ agogo tí yóò ṣeé so mọ́ ọwọ́. Ọdún 1812 ni iṣẹ́ náà parí. Ní 1868, ilé iṣẹ́ Patek Philippe ní Switzerland ṣe ọ̀kan tí Countess Koscowicz, ọmọ ilẹ̀ Hungary, rà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àpò ni ọkùnrin ń ki agogo tirẹ̀ bọ; lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀gbà ọwọ́ obìnrin lásán ni èyí tó bá wà lọ́rùn ọwọ́. Ogun ló yí i padà. Nínú ogun àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1899 sí 1902, àti pàápàá jù lọ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, ọ̀gágun tó ní láti mọ ìṣẹ́jú náà gan-an tí ìbọn ńlá yóò dún kò ráyè máa tọwọ́ bọ àpò. Wọ́n so agogo mọ́ ọwọ́, wọn kò sì tú u mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀ṣọ́ obìnrin di irinṣẹ́ jagunjagun láàárín ọdún díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agogo ò kúrò ní agogo. Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Títóbi pàápàá kò dúró sójú kan. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, fífẹ̀ agogo ọkùnrin tó wọ́pọ̀ wà láàárín mìlímítà 32 sí 36. Mìlímítà 36 ni Rolex Datejust nígbà tó jáde ní 1945, ọkùnrin ni wọ́n sì ṣe é fún. Lónìí, 40 sí 44 ni wọ́n ń kó sí àtẹ ọkùnrin. Bí ẹnì kan bá jogún agogo tí bàbá àgbà rẹ̀ ń so lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, tó sì gbé e dé ọjà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tò ó mọ́ ti àwọn obìnrin. Bàbá àgbà kò yí padà. Àṣà ọjà ló yí. Agogo Casio F-91W, tó ti wà láti 1989, kò wọnú àríyànjiyàn yìí rárá: fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 35, gíráàmù 21 ló wọ̀n, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà ló sì ń so ó káàkiri ayé.

Ilẹ̀ Okun, apá ilẹ̀ Yorùbá tí Kabba wà, mọ bí a ti ń pín nǹkan sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ó sì dára kí a wo bí wọ́n ti ṣe é. Nínú àṣà ìbílẹ̀ Yorùbá, òfì méjì ló wà. Òfì tóóró, tí aṣọ rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, jẹ́ ti ọkùnrin; òfì olóòró, tó ń dúró ṣánṣán lára ògiri ilé, tí aṣọ rẹ̀ sì gbòòrò, jẹ́ ti obìnrin. Ní Bùnú, tí kò jìnnà sí Kabba, àwọn obìnrin ló ni òfì. Lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni aṣọ ipò, aṣọ pupa olówó iyebíye tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè, tí wọ́n sì tún ń fi rán ẹ̀wù eégún. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé odindi kan lórí aṣọ Bùnú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995. Orúkọ tó wà lára òfì sọ ẹni tó jókòó ti iṣẹ́. Kò sọ ẹni tí yóò lo aṣọ. Aṣọ tí obìnrin hun ni ọkùnrin olóyè ń lò, kò sì sí ẹni tó rí àbùkù kankan níbẹ̀. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀, nítorí ohun tó wà lóòótọ́ ló ń sọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Kí ni orúkọ tó wà lára agogo ń sọ? Bó pọ̀ tán, ó ń sọ pé ọ̀kan kéré, èkejì tóbi. Ibi tó ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni ọ̀rọ̀ omi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ agogo, wọ́n máa ń kọ 30M tàbí 3 ATM. Èyí kò túmọ̀ sí pé a lè wọ inú odò pẹ̀lú rẹ̀. Omi tó bá ta sí i díẹ̀ nìkan ló lè gbà. Ó tó 50M kí ènìyàn tó lè fi ọwọ́ bọ omi láìfòyà, ó sì tó 100M kí ó tó fi lúwẹ̀ẹ́. Agogo ọ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ obìnrin sí sábà máa ń jẹ́ 30M, 100M sì wọ́pọ̀ lára àwọn ńláńlá ti ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀, ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń wọ omi jù nínú ilé? Ìyá tó ń fọ ẹ̀gẹ́, tó ń fọ aṣọ, tó ń wẹ ọmọ ni wọ́n ta èyí tí kò lè gba omi fún, akọ̀wé tó jókòó ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ ni wọ́n sì ta èyí tó lè wẹdò fún. Àléébù ńlá nìyí, olùrà nìkan ló sì lè tún un ṣe: kí ó yí ẹ̀yìn agogo padà, kí ó ka nọ́ńbà, kí ó tó wo àwọ̀.

Iṣẹ́ ni kí ó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tó ń ka ìlù ọkàn nílò abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá tó hàn kedere. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè nílò okùn rọ́bà tí òógùn kò lè jẹ, kì í ṣe awọ. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nílò nọ́ńbà gàdàgbà, ìbáà jẹ́ ìyá ìbáà jẹ́ bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ra agogo nítorí ìdánwò UTME kò ní láti ra èyíkéyìí, nítorí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, kò gba agogo ọwọ́ láàyè nínú gbọ̀ngàn.

Àwọn onígbàgbọ́ kan ń fa ìwé Deuteronomi 22:5 yọ, tó kọ̀ fún obìnrin láti wọ ohun tíí ṣe ti ọkùnrin. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti obìnrin ní 1868, tó di ti ọkùnrin ní 1918, tó sì ti di ti gbogbo ayé lónìí, ó ṣòro kí a tó fi í ṣe ààlà láàárín akọ àti abo. Bákan náà, obìnrin tó fẹ́ràn agogo góòlù pẹlẹbẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni; ìfẹ́ rẹ̀ ni, kí ó so ó.

Wíwọn ọrùn ọwọ́ kò le. Kí a mú òwú, kí a yí i ká ọrùn ọwọ́ lókè egungun tó yọ síta, kí a gé e níbi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, kí a tẹ́ ẹ sórí rúlà ọmọ ilé ìwé. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 sí 15, agogo mìlímítà 28 sí 36 yóò bá a mu. 16 sí 17 fẹ́ 36 sí 40. 18 sókè lè gba 40 sí 44. Kí ó tó san owó, kí olùrà gbé agogo lé ọwọ́, kí ó sì wo ṣóńṣó òkè àti ti ìsàlẹ̀ níbi tí okùn ti wọlé. Bí wọ́n bá yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, agogo náà ti tóbi jù, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sí páálí rẹ̀. Kí ó béèrè fífẹ̀ okùn pẹ̀lú: mìlímítà 18, 20 àti 22 ló rọrùn jù láti rí pààrọ̀, 12 àti 14 tó wà lára àwọn kéékèèké máa ń ná ènìyàn ní ìwákiri.

Òwú yìí kan náà wúlò fún ọkọ ìyàwó. Agogo ọwọ́ sábà máa ń wà nínú àpótí ẹrù ìyàwó, àwọn ilé mìíràn a sì ra oníbejì, ńlá fún ọkọ, kékeré fún aya. Kí àbúrò ìyàwó bá wọn yọ́ wọn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ọjà. Bí agogo bá jẹ́ oníṣéènì, atúnagogoṣe yóò yọ ẹyọ díẹ̀ nínú ṣéènì náà kí ó lè bá ọwọ́ mu. Kí wọ́n gba àwọn ẹyọ tó yọ padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n sínú páálí, nítorí ọwọ́ obìnrin sábà máa ń wú nígbà tó bá lóyún, ẹyọ wọ̀nyẹn ni wọn yóò sì dá padà sí i.