Wíwá Ohun Èlò Àlòkù Fún Inú Ọkọ̀ Tí A Fẹ́ Tà

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti gbó yóò rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò jókòó, yóò di sítíárìn mú, yóò sì gbójú sókè wo aṣọ òrùlé. Bí ìjókòó bá ti ya, tí aṣọ òrùlé sì ti rọ̀ wálẹ̀ bí àpò, owó ọkọ̀ náà ti ń já wálẹ̀ kí a tó tan ẹ̀rọ rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí dá lórí bí ẹni tí ń gbé ní Joju, lójú ọ̀nà Sango sí Ọ̀tà, ṣe lè rí ohun èlò àlòkù tí yóò bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kí ó tó jáde nílé, kí ó mọ ọdún ọkọ̀ rẹ̀ dájú. Orúkọ nìkan kò tó. Corolla ọdún 2002 àti ti ọdún 2003 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n Toyota ti yí ara ọkọ̀ náà padà láàárín wọn, ìbòrí ilẹ̀kùn ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì. Nọ́ńbà ṣáásí ni kí a wò, èyí tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ìhà awakọ̀. Àmì 17 ni ó ní. Lára ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: 2 dúró fún 2002, 3 dúró fún 2003. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì gbé ohun tí ó bàjẹ́ náà dání lọ sí ọjà bí ó bá ṣe é gbé, nítorí àwọ̀ tí a rò pé a rántí kì í sábà jẹ́ àwọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì àdúgbò ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí jàǹbá ti ba iwájú rẹ̀ jẹ́ lè ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ó ṣì dára. Bí kò bá sí níbẹ̀, a ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣòdì, a ó sì ti ibẹ̀ dé ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹrù àlòkù tí ó ti òkè òkun dé ni àwọn oníṣòwò ń pè ní Belgium, ìbáà jẹ́ Japan ni ó ti wá.

Ó sì yẹ kí a béèrè ibi tí ó ti wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan ṣì ń wa ọkọ̀ ní apá òsì títí di òní. Dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà wọn kò lè wọ ọkọ̀ wa. Ìjókòó iwájú lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n irin tí a fi ń sún un lè bọ́ sí ìhà tí ọwọ́ awakọ̀ kò tó. Ìjókòó ẹ̀yìn ni kì í sábà fa wàhálà.

Kí a tó sanwó, kí a dojú ìjókòó dé, kí a wo irin abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti dípẹtà, tí òórùn ọ̀rinrin sì ń jáde nínú fóòmù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú ọkọ̀ tí omi kún ni wọ́n ti tú u. Kí a sì gba rìsíìtì tí orúkọ ẹni tí ó tà á wà lórí rẹ̀, nítorí òfin kì í fi ojú rere wo ẹni tí a bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù lórí àpò afẹ́fẹ́, èyí tí a fi pamọ́ sínú sítíárìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ó máa ń wú lójijì láti gba ènìyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ibí yìí ni òwò àlòkù ti lè di ikú. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe irú rẹ̀ kan tí ẹ̀tù inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Nígbà tí ó bá bú, irin rẹ̀ a fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì máa fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa ju ènìyàn 20 lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Toyota kìlọ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ó ni àwọn Corolla kan ti ọdún 2003 àti 2004 pé kí wọ́n má ṣe wà wọ́n mọ́ títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin, ta ni kò mọ̀ pé a ní wọn ní Ọ̀tà? Nítorí náà a kò gbọdọ̀ ra àpò afẹ́fẹ́ àlòkù. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ra ìbòrí òfìfo bo ibi tí àpò ti tú, kí a wá pa iná ìkìlọ̀ mọ́. Kí olùrà mọ̀ pé kò sí i, kí iye owó sì fi hàn. Bẹ́líìtì ìjókòó tí ó ti wà nínú jàǹbá ńlá rí, ọjà ni kí a fi í sí.

Mítà iwájú awakọ̀ náà ní tirẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, iye ìrìn tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ti rìn lè máa hàn lójú ọkọ̀ wa. Kí a ya àwòrán mítà àtijọ́ kí ríwáyà tó tú u, kí a sì kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ wọn sínú ìwé tí a ó fi ta ọkọ̀ náà.