Marina lórí pákó: tíráàmù etí ọ̀sà fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọrin

*Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Gàá-Àkàǹbí, Ìlọrin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ wa fẹ́ kọ́ àwòṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn létí òkun, kí a sì pàtẹ rẹ̀ fún àwọn òbí ní ìparí sáà. Gbogbo àwòrán tí a rí, ti ìlú òyìnbó ni. Ìlọrin kò ní òkun, owó wa kò sì pọ̀. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí a rà, kí ni a lè fọwọ́ ara wa ṣe?*

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ mú ibì kan pàtó àti ọdún kan pàtó, torí inú ìpinnu méjèèjì yìí ni ìwọ̀n, àwọ̀, ilé, ọkọ̀ àti iye tí ẹ máa ná ti máa jáde. Ẹni tó bá kàn kọ́ etí òkun lásán, ilé àti igi ló tò jọ. Òbí tó bá wá wò ó á ní ó dára, á sì kọjá lọ, torí kò rí ohun tó lè béèrè nípa rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni Marina ní Èkó, kí ọdún náà sì jẹ́ 1910. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti rìn létí ọ̀sà níbẹ̀ rí. Rélùwéè ńlá tó ti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, Ìddó ló ti gbéra; kò sọdá sí Erékùṣù. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi la ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn láti Ìddó, tó gba orí afárá Carter kọjá, tó sì tọ etí Marina lọ sí èbúté àwọn aṣọ́bodè. Ní 1902 ni tíráàmù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ ló sì ń fà á.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìlọrin gan-an. Rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní sitéṣọ̀n Ìlọrin ní 1910 lè sọ̀ ní Ìddó, kó sì bọ́ sínú tíráàmù tó máa gbé e dé ẹnu omi. Ìdí tí mo fi mú 1910 nìyẹn: ọ̀nà ti là láti ọ̀dọ̀ yín dé ibẹ̀, tíráàmù náà sì ṣì ń kó èrò.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí tíráàmù yìí ṣe, tí àwọn tó ń sọ ìtàn Èkó kì í sábà fẹ́ dárúkọ. Òun ló ń kó korobá ìgbẹ́ tí àwọn agbépóò kó jọ láàárín ìlú, lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á sínú ọ̀sà. Wọ́n dáwọ́ èrò kíkó dúró ní 1913, ṣùgbọ́n iṣẹ́ korobá ń lọ títí di 1933. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi wágọ́ọ̀nù korobá kan sí àwòṣe yín. Àwọn ọmọ máa rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni wọ́n máa béèrè ibi tí ìgbẹ́ odidi ìlú ń lọ nígbà tí kò sí páìpù abẹ́ ilẹ̀, àti ibi tó ń lọ lónìí. Ọmọ tó bá béèrè ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ọdún tí ẹ mú ló máa sọ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ kọ́. Kàtídírà tó wà ní Marina báyìí, 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀, kò lè sí nínú àwòṣe 1910. Afárá Èkó ti 1975 àti afárá gígùn ti 1990 kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ òkun ńláńlá pàápàá, ẹ má pọ̀ wọ́n jù: òkìtì yanrìn tó wà lẹ́nu òkun ṣì ń dí wọn lọ́wọ́ láti wọ inú ọ̀sà nígbà náà, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló ń lọ pàdé wọn lójú agbami kó ẹrù wálé. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni kí ẹ fi kún etí omi, kí ẹ to àgbá epo pupa àti àpò èkùrọ́ jọ sí èbúté.

Ó kan ìwọ̀n, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ojú irin tó gba Ìlọrin kọjá láti 1908 fẹ̀ tó mìlímítà 1,067. Ti tíráàmù Marina jẹ́ 762 péré. Àwọn tó ń ṣe ojú irin àwòṣe fún títà ní ìwọ̀n tiwọn, èyí tó wọ́pọ̀ ni mìlímítà 16.5, 12 àti 9. Ẹ pín 762 sí ọ̀nà 87, ẹ máa rí 8.76, ó kù díẹ̀ kó pé 9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá sọ gbogbo nǹkan di ìdá kan nínú 87, ìyẹn 1:87, ojú irin mìlímítà 9 tí àwọn oníṣòwò ń pè ní N máa bá tíráàmù yín mu. Èèyàn tó ga ní mítà 1.7 á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì N àlòkù méjì, ẹ yọ ara wọn dànù, kí ẹ fi páálí líle kọ́ ara tíráàmù lé ẹsẹ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí àti ojú irin nìkan ni ohun tó máa ti òkè òkun wá.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé 16.5 ló pọ̀ jù lọ́jà, kí ẹ rà á. Irọ́ kọ́ ni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n 1:64 ni ìwọ̀n tó máa fi bá ojú irin Ìlọrin mu, torí 1,067 tí a bá pín sí ọ̀nà 64 jẹ́ 16.7. Báyìí ni àwọn kan ní New Zealand ṣe ń ṣe é, nítorí ojú irin tiwọn náà fẹ̀ tó tiwa. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún tí ẹ bá fẹ́ kọ́ sitéṣọ̀n Ìlọrin fúnra rẹ̀.

Ní ti pákó, plaiwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Kí káfíńtà rẹ́ ẹ sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 sí 2. Ẹ so méjì pọ̀ ní gígùn, kí ẹ fi bóòtù dè wọ́n kó lè ṣeé tú. Ẹ fi ìyókù ṣe ẹ̀yìn tí ẹ máa ya ojú ọ̀run sí. Ojú irin N lè yí po nínú òbìrípo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 46, pákó yín sì fẹ̀ ní 61, ó gbà á, ó sì ku àyè fún omi níwájú. Ẹ jẹ́ kí ojú irin náà yí po, kí apá ẹ̀yìn rẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ilé. Ọkọ̀ á gba orí afárá jáde lápá òsì, á tọ Marina lọ, á wọ ẹ̀yìn ilé lọ. Ní òtítọ́, ọ̀nà náà tẹ̀ níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá ní apá Ìdúmọ̀tà. Nínú àwòṣe yín, ẹ ti nà án. Kìlómítà kan ní ìwọ̀n yìí jẹ́ mítà 11 àti ààbọ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ sára àkọlé pé ẹ ti gé e kúrú.

Omi ni àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ wò, ẹ fún un lákòókò. Ẹ má tẹ́ ilẹ̀ àti omi lé ojú kan náà. Pákó fúnra rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ọ̀sà; fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di fíríìjì sínú páálí ni kí ẹ fi gbé ilẹ̀ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe búlúù. Ẹ po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ àwọ̀ ewé gbígbẹ, kó dúdú níbi tó jìn, kó sì máa mọ́ bọ̀ létí. Ẹ tẹ́ tíṣù pẹlẹbẹ sórí rẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun tí a fi omi là, kí ẹ fi ìka ti tíṣù náà kó ká wẹ́wẹ́ bí ìgbì. Tó bá gbẹ, ẹ kùn ún, lẹ́yìn náà ẹ fi fáníìṣì tó ń dán kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù bo gbogbo etí fóòmù, torí fáníìṣì olóòórùn máa ń jẹ ẹ́ run. Ilẹ̀ pupa Ìlọrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Yanrìn odò Àsà tí ẹ sẹ́ dáadáa á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹyọ yanrìn kan tó bá wọ inú eyín ẹ́ńjìnnì ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Iná kò ní dà yín láàmú. Fóòltì 12 ni ọkọ̀ wọ̀nyí ń lò, bátìrì alùpùpù sì ń fún yín ní iye náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi fíúsì kékeré sí ẹnu wáyà kó tó dé ojú irin, torí bátìrì lè jó wáyà bí irin méjì bá kan ara wọn. Bí ìpàtẹ yín bá bọ́ sígbà ọyẹ́, eruku ló máa dá ọkọ̀ dúró. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì ìfọgbẹ́ nu orí irin láràárọ̀. Ẹ má fi sáńpépà kàn án, ojú ibi tó bá ti ha ni eruku á máa jókòó sí. Ọyẹ́ máa ń mú pákó súnkì, nítorí náà ẹ fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín irin àti irin.

Kí ẹ tó kọ́ ilé kankan, ẹ rán ènìyàn méjì lọ sí Jaekel House ní Ebute Metta. 1898 ni wọ́n kọ́ ilé náà, àwọn ẹgbẹ́ Legacy ló tún un ṣe, àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: kí àwọn ọmọ fúnra wọn ya bí fèrèsé, òrùlé àti fàráńdà ìgbà náà ṣe rí.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, ẹ gbé pákó náà sókè tó sẹ̀ǹtímítà 90 kí àwọn ọmọ kékeré lè rí i. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn. Olùwòran tó bá bá ọkọ̀ ní ìdúró kì í dúró wò ó, nítorí náà ẹ ní ọkọ̀ méjì, kí ọ̀kan máa sinmi lẹ́yìn ilé; kí ẹ sì ti dán gbogbo rẹ̀ wò fún wákàtí mẹ́rin gbáko lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Kí ọmọ méjì máa darí ọkọ̀, kí ọmọ kan dúró síwájú tí kò níṣẹ́ mìíràn ju àlàyé lọ. Àkọlé ṣókí, ní Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Kwara ló ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti Èsìẹ́ ní 1945, ẹ má jẹ́ kí àkọlé yín rí játijàti. Kí ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè ní Ìlọrin àti Ọ̀fà. Ẹ fún wọn ní àga níwájú, kí ọmọ kan mú ìwé àti bírò dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí wọn yóò sọ̀rọ̀.

Tí káfíńtà bá ti rẹ́ pákó tán, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá ya bí ojú irin ṣe máa gbà á fún yín.