Bí Kò Bá Tu, Kò Lè Jẹ: Bí Ìràwọ̀ Ńlá Ṣe Ń Dàgbà

Ẹ̀kọ́ tèmi lọ́tẹ̀ yìí dá lórí bí ìràwọ̀ ṣe ń di ìràwọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní, tí a bá parí prep lálẹ́, ẹ wòkè. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan. Ìgbànú Orion ni wọ́n ń pè é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kéékèèké mẹ́ta mìíràn tún tò. Ẹ tẹjú mọ́ èyí tó wà láàárín, ó rí bàìbàì bí èéfín. Ìkúùkù gáàsì àti eruku ló wà níbẹ̀, Orion Nebula lorúkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó gbà á ní nǹkan bí 1,350 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Agbára òòfà ló ń fa gáàsì jọ sójú kan. Bó ṣe ń wọlé ló ń yí, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo yí ìràwọ̀ ká. Inú àwo yẹn ni ìràwọ̀ ti ń jẹun. Ibi tó rú mi lójú nìyí: mo kà pé bó ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń tu gáàsì síta, apá kan sókè, apá kan sísàlẹ̀. Mo ní, àbí ebi ò pa á ni?

Àga tó ń yí ló jẹ́ kó yé mi. Mo jókòó sórí rẹ̀, mo mú ìwé ńlá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ méjèèjì, mo na ọwọ́ gbọọrọ, ọ̀rẹ́ mi sì yí mi. Bí mo ṣe ká ọwọ́ mọ́ àyà báyìí, àga sáré sí i, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú! Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì. Bó ṣe ń sún mọ́ àárín ni yíyí rẹ̀ ń yára sí i, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kó lè já sínú ìràwọ̀. Gáàsì tó ń jáde ló ń gbé lára yíyí náà lọ, kí ìyókù tó ráyè wọlé. Bí kò bá tu, kò lè jẹ.

Ìràwọ̀ tó bá wúwo tó ìlọ́po 8 Oòrùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàhálà tirẹ̀ pọ̀. Àárín ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá ló sábà máa ń wà, inú ìkúùkù kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹ. Ohun tó ń tu ń da ìkúùkù náà rú. Tó bá wá tàn tán, ìmọ́lẹ̀ gbígbóná rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ á lé gáàsì dànù. Ohun tí Theta1 Orionis C ń ṣe nínú Orion Nebula nìyẹn. Ó dà bíi sẹ́níọ̀ tó yó tán, tó wá da ìkòkò nù nígbà tí àwọn júníọ̀ ṣì wà lórí ìlà. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìkúùkù fi ń di ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tó sá lọ ò ṣòfò, ó lè kó jọ níbòmíràn lọ́jọ́ iwájú.

Eruku kì í jẹ́ ká fojú lásán rí èyí tó pọ̀ jù. Ní Chile, nínú aṣálẹ̀ Atacama, ní nǹkan bí 5,000 mítà sókè, ALMA ní àwo 66 tó ń gba ìgbì rédíò láti ara gáàsì náà. Ní Orion, wọ́n rí gáàsì tó ń sá ju 100 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan!

Ìbéèrè fún yín:
1. Kí ló dé tí ìràwọ̀ fi ní láti tu gáàsì kó tó lè jẹ?
2. Kí ni ìràwọ̀ ńlá ń ṣe sí oúnjẹ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ dán àga wò, kó ní ẹni tí yóò dì í mú o.