Ẹ Sun Ún Kí Ẹ Tó Gbé E Fún Oníbàárà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jórin, inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Níbi ìkómọjáde kan ní Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, onílé gbé àdògán ìyanẹran tuntun síta: àgbá epo tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n mú kó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n sì fi ọ̀dà sílífà kùn nínú lóde. Ó ń dán gbinrin. Gbogbo ènìyàn ń yin ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é pé àárọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé e dé. Wọ́n to ẹja àrọ̀ sórí rẹ̀. Bí iná ṣe mú, ọ̀dà inú àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń bó, ó ń já bọ́ sínú ẹ̀yín iná, èéfín dúdú sì ń rú gba abẹ́ ẹja lọ sókè. Wọ́n bu tèmi fún mi. Òórùn tínà ni mo gbọ́ lẹ́nu.

Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé ìgbà wo ló sun àdògán yìí. Ó ní, "Bàbá, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló máa sun ún tó bá ti dáná sí i." Ohun tó ń sọ ni pé ìdọ̀tí tó yẹ kó tán sí ṣọ́ọ̀bù wa, àwọn àlejò àkọ́kọ́ tí ẹni ẹlẹ́ni gbà sílé ló máa jẹ ẹ́. Kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó rí i pé ó burú. Wọ́n ń yìn ín pé ó yára.

N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń la àgbá tàbí bí wọ́n ṣe ń fi híńjì sí ìdérí. Ẹ ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, ẹ mọ ìyẹn. Sísun ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irin mìíràn wà tí iná kò lè fọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ẹ ó ṣe máa yan irin.

Àgbá olílítà 200 ni gbogbo wa ń lò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló gbé rí. Èyí tó gbé òróró tàbí epo pupa ló dára jù. Èyí tó gbé epo ẹ́ńjìnnì ṣe é lò bí ẹ bá fọ̀ ọ́, tí ẹ sì sun ún dénú. Èyí tó gbé apakòkòrò, ásíìdì tàbí gọ́ọ̀mù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, bó bá fẹ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ohun tó gbé, ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n nìyẹn, ẹ má rà á. Ẹ tan iná wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ irin bíi fáníìṣì, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ sísun tiyín ti di ìlọ́po méjì.

Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ ìgéerin tàbí iná jórinjórin sún mọ́ àgbá tí ẹ kò tíì fọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Àgódì Gate, ọmọṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa gé àgbá tí wọ́n sọ pé ó ti gbẹ. Ọ̀sán gangan ni. Ìdérí àgbá náà fò kọjá orí páànù, ọwọ́ ọmọṣẹ́ náà kan kò sì padà bọ̀ sípò mọ́ títí tó fi kúrò ládùúgbò. Epo tó gbẹ lójú yín kò tán nínú àgbá, atẹ́gùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun gan-an ló sì ń bú gbàmù. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá pọn omi kún un kí irin tó kan irin.

Wáyà tí ẹran máa sùn lé ni ibi kejì tí ẹ ti ń jẹ oníbàárà níyà. Mo ń rí i tí ẹ ń yọ pẹpẹ inú fíríìjì àlòkù, tí ẹ ń gbé e lé orí iná nítorí pé ó ń dán, ó sì ti bá ìwọ̀n mu. A kò ṣe pẹpẹ fíríìjì fún iná. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi bò ó. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò, ìyẹn gálífáníìsì, náà kò dára fún un. Síǹkì ń yọ́ ní nǹkan bíi 420 dígírì, ẹ̀yín iná sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Gbogbo wa tí a ti jó irin gálífáníìsì rí mọ èéfín funfun rẹ̀ àti ìyẹ̀fun funfun tó ń fi sílẹ̀ lójú ibi tí a jó. A mọ ìtọ́wò irin tó máa ń wà lẹ́nu ẹni nírọ̀lẹ́, àti òtútù tó ń mú ni lóru bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mílíìkì tí wọ́n ní ká máa mu sí i kò dá èéfín náà dúró. Ohun tí ara tiwa kò gbà, kí ló dé tí a ó fi sí abẹ́ ẹran ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ ra ọ̀pá irin dúdú, ẹ tò ó, ẹ jó o pọ̀. Bí oníbàárà bá lówó, ẹ fi stainless ṣe é fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rímù ọkọ̀ ṣe àdògán kékeré, iṣẹ́ gidi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń gbé. Rímù irin ni kẹ́ ẹ lò. Alumíníọ́mù ni èyí tí wọ́n ń pè ní álọ́ì, bí iná bá fi máa tó 660 dígírì, ó ti yọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ẹ̀yín iná dáadáa, ìdí rẹ̀ lè yọ́ lọ.

Ní ti bó ṣe yẹ kó tóbi tó, ẹ bi oníbàárà pé ènìyàn mélòó ló máa ń jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí àríyá. Ìdajì àgbá ni gbogbo oníbàárà ń béèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń kó èédú dà nù sínú rẹ̀ nítorí ẹja méjì. Bí ẹ bá la àgbá nínàró, jíjìn rẹ̀ á tó bí íǹṣì 11. Ibẹ̀ jìn jù fún èédú. Ẹ gbé irin mìíràn sínú rẹ̀ tí èédú máa jókòó lé, kó fi bí íǹṣì 6 jìnnà sí wáyà, kí eérú lè máa jábọ́, kí atẹ́gùn sì rí ọ̀nà gbà lábẹ́. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti sí ìdérí, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n lè fi dí i. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní 1952, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, George Stephen tó ń ṣiṣẹ́ ní Weber Brothers Metal Works gé irin roboto tí wọ́n fi ń ṣe àmì ojú omi sí méjì, ó fi ìkan ṣe ìkòkò iná, ó fi ìkejì ṣe ìdérí, ó lu ihò sí i, ó jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tà káàkiri ayé dòní. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ irin bíi tiwa ló ṣe é, ohun tó sì mú kó dára ni pé ẹni tó ń yan ẹran lè fi ìdérí àti ihò darí iná. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ìta gbangba ni kó ti máa lò ó, kò gbọ̀dọ̀ gbé e wọ yàrá tàbí gáréèjì nítorí òjò, èéfín èédú tí ojú kò rí ń pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí sísun.

Ọ̀gá mi kì í bá wa pariwo lórí ohunkóhun bí kò ṣe èyí. Àwa ọmọṣẹ́ la máa ń lọ ṣa ègé pákó ní ọjà pákó Bódìjà, pákó tí kò ní ọ̀dà, a ó kó o kún àgbá dé ẹnu, a ó dáná sí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a ó sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, kí èéfín má baà bá wa. A ó jẹ́ kó jó títí gbogbo ọ̀dà ara àgbá á fi di eérú. Ọ̀gá kò gbà ká da omi sí i láti fi mú un tutù, torí irin á lọ́. Ó gbọ́dọ̀ tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí apá á fi máa ro wá, a ó tún dáná èédú sí i lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó fi àkísà tó ní òróró díẹ̀ nu inú rẹ̀ àti wáyà rẹ̀, kí ìpẹtà má baà tètè mú un. Ìta nìkan ni ọ̀dà ń kàn, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun sàlẹ́ńsà ọkọ̀. Ọ̀dà kankan kò gbọ̀dọ̀ dé inú.

Kò tíì parí. Ọ̀gá á gbé ègé iṣu kan lé wáyà, kò ní fi iyọ̀ sí i, kò ní fi epo pa á. Bó bá jinná, yóò ha ara iṣu náà, yóò bù ú sẹ́nu, yóò di ojú méjèèjì. Àwa á dúró bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Bó bá gbọ́ òórùn mìíràn yàtọ̀ sí ti iṣu, á tutọ́ rẹ̀ dànù, á ní ká kó igi wá. Oníbàárà lè jókòó síbẹ̀ kó máa bínú, kò kàn án. Ìgbà kan wà tí ọlọ́jà kan tó fẹ́ fi yan bọ̀ọ̀lì bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀gá ní kó lọ sùn, kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́jà náà padà wá. Ó tún mú àwọn mìíràn wá. Ọ̀gá mi ti lọ báyìí, mo sì máa ń wá irú ojú tó máa ń dì yẹn láàárín ẹ̀yin tó kù, n kì í rí i.

Mo mọ̀ pé igi ti wọ́n, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yín kò láàyè, àwọn aládùúgbò á sì máa ráhùn nítorí èéfín. Ẹ gbé e lọ sí pápá. Ẹ fi owó igi kún owó iṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà ìdí rẹ̀. Bó bá ń kánjú, ẹ sọ fún un pé ọ̀la ni. Ìyókù owó yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sun àdògán náà, kí ẹ tó fi iṣu dán an wò, kí ẹ̀yin fúnra yín sì tó jẹ nínú iṣu náà lójú rẹ̀.